Ibi Tí Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Ti Ń Mí

Nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, a kà nípa bí èéfín ilé ìdáná ṣe ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lónìí a ó tún sọ̀rọ̀ nípa mímí, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímí ènìyàn. Ọkọ̀ náà ń mí. Bí ó bá ń mí eruku, yóò ṣàìsàn, owó ìwòsàn rẹ̀ kì í sì í kéré.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ỌKỌ̀ KAN

Mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà Anié. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀, ẹni 27 ni wọ́n. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n fi ra pikọ́ọ̀pù àlòkù kan tó ń lo gásóìlì, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní bàṣé. Ọkọ̀ yìí ló ń kó àgbàdo, iṣu àti òwú jáde láti oko. Ní ọjọ́ ọjà, òun ló ń gbé àwọn ìyá wa lọ sí Atakpamé. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, òun náà ni wọ́n ń pè.

Ọdún kìíní dára. Ní ọdún kejì, nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú. Kò lè fa ẹrù gun òkè mọ́. Awakọ̀ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó rí i pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí pátápátá. Ó yọ asẹ́ náà, ó jù ú sí igbó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó mí!" Lóòótọ́, ọkọ̀ mí. Èéfín dúdú lọ, agbára padà, gbogbo ènìyàn yin awakọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo bá wọn yìn ín.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èéfín mìíràn dé. Èyí kò dúdú. Ó ní àwọ̀ búlúù, ó sì ń rùn bí òróró tó jóná. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu òróró ẹ́ńjìnnì bí ẹni pé gásóìlì ni. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ kú lórí òkè, kí wọ́n tó wọ Atakpamé. Alùpùpù zémidjan ni wọ́n fi gbé ìyá náà lọ, ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú. Ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sùn ní abúlé lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì, ó fi inú rẹ̀ hàn wá. Gbogbo rẹ̀ ti jẹ. Owó àtúnṣe jẹ́ 405,000 sẹ́fá. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni 27, ẹnì kọ̀ọ̀kan san 15,000 sẹ́fá. Asẹ́ tuntun tí a ìbá rà nígbà náà kò tó owó tí ẹnì kan ṣoṣo san.

KÍ NI Ẹ́ŃJÌNNÌ Ń FI AFẸ́FẸ́ ṢE?

Igi ìdáná kì í jó bí kò bá rí afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni gásóìlì rí. Kí lítà kan gásóìlì tó lè jó tán dáadáa, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ju 10,000 lítà lọ. Ẹ wo àgbá ńlá tí a fi ń tọ́jú omi, èyí tó ń gba 200 lítà. Àádọ́ta irú àgbá bẹ́ẹ̀ tó kún fún afẹ́fẹ́ ni lítà gásóìlì kan ń lò, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́nà mìíràn. Bí ẹ́ńjìnnì pikọ́ọ̀pù bá jẹ́ ti lítà 2 àti ààbọ̀, tó sì ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń fa afẹ́fẹ́ bíi 2,500 lítà wọlé ní ìṣẹ́jú kan náà. Àgbá méjìlá àti ààbọ̀ nìyẹn, kí ẹni tó ń jẹ obì tó jẹ ẹ́ tán.

Kí ló wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn? Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń ti àríwá àti ìlà-oòrùn fẹ́ wá. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń ti Bodélé wá, ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Adágún ńlá kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, ó ti gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń di eruku tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìyẹn, eruku tiwa náà wà: ilẹ̀ pupa tí táyà ń gbé sókè lójú ọ̀nà oko. Iyanrìn tó kúnná wà nínú méjèèjì. Iyanrìn yìí le ju irin ẹ́ńjìnnì lọ.

Gbogbo wa la ti fi iyanrìn àti omi pọ́n àdá rí. Ohun tí iyanrìn ń ṣe fún àdá náà ló ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Písítọ̀n ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Àwọn òrùka irin wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òróró gòkè. Bí eruku bá wọlé, ó ń pò mọ́ òróró, ó ń pọ́n àwọn òrùka náà, ó ń pọ́n ara ihò. Àyè ń ṣí sílẹ̀. Òróró ń gba àyè náà gòkè, ó ń jóná. Èéfín búlúù tí a rí nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ní tọ́bò, abẹ̀bẹ̀ tọ́bò ni eruku ń kọ́kọ́ bá jà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe da èéfín méjèèjì pọ̀. Èéfín dúdú sábà máa ń sọ pé, "N kò rí afẹ́fẹ́ tó." Nígbà yẹn, asẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èéfín búlúù ń sọ pé, "Mo ń jẹ òróró." Ọ̀rọ̀ ti kọjá asẹ́ nígbà yẹn.

ORÍṢIRÍṢI IMÚ TÍ WỌ́N Ń TÀ

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé. Wọ́n ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ti lọ wo ohun tí wọ́n ń tà nílùú, wọ́n sì mú ìròyìn bọ̀.

Èyí tó wu àwọn ọ̀dọ́ jù ni asẹ́ kékeré kan tó rí bí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Ìta gbangba ló ń wà lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, kò sí àpótí tó bò ó. Aṣọ òwú tí a fi òróró rin ni inú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á sọ pé agbára ọkọ̀ yóò pọ̀, epo tó ń jẹ yóò sì dín kù. Èmi kò gba ìyẹn gbọ́ fún ọ̀nà tiwa. Ìdí kìíní ni pé ooru ẹ́ńjìnnì ló ń fà, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò sì dára tó afẹ́fẹ́ tútù. Ìdí kejì ni pé irú asẹ́ òwú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kí eruku tó kúnná kọjá ju asẹ́ bébà gidi lọ. Ẹni tó fẹ́ sáré lójú ọ̀dà lè rà á. Àwa ń gbé iṣu nínú eruku.

Ní ti epo, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà dí asẹ́ àwọn ọkọ̀ ẹsáǹsì ìgbàlódé, wọ́n wọn epo tí wọ́n jẹ. Epo tí wọ́n jẹ kò yí padà tó nǹkan. Agbára láti sáré ni ó dín kù. Bí asẹ́ tó dí pàápàá kò bá mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ epo sí i, báwo ni asẹ́ olówó ńlá yóò ṣe dín epo kù?

Ìkejì ni ọ̀pá ìmí. Ẹ ti rí i lára ọkọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń wá sí abúlé. Ó jẹ́ ọ̀pá dúdú tó jáde láti apá ọkọ̀, ìyẹn irin tó bo táyà iwájú, tó sì gun ẹ̀gbẹ́ gíláàsì dé òrùlé. Snorkel ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Àwọn ará Ọsirélíà ń lò ó púpọ̀ ní aṣálẹ̀ wọn, iléeṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ sì ń fi í sára àwọn Land Cruiser kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí omi nìkan ni wọ́n ṣe ń fi í síbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, eruku ni èrè rẹ̀ tó tóbi jù. Bí ọkọ̀ kan bá ń lọ níwájú yín lójú ọ̀nà oko, ẹ wò ó: ìsàlẹ̀ ni eruku ti nípọn jù. Lókè òrùlé, afẹ́fẹ́ mọ́ díẹ̀, ó sì tutù ju ti ìdí ẹ́ńjìnnì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀pá kì í ṣe asẹ́. Asẹ́ gidi ṣì gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí rẹ̀.

Ìkẹta ni orí tí a ń dé mọ́ òkè ọ̀pá náà. Orí yìí rí bí ìkòkò kékeré, irú èyí tó wà lórí katakata. Ó ń mú kí afẹ́fẹ́ yípo bí ìjì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yípo, eruku tó wúwo ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó fúyẹ́ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn ìyá wa mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ, afẹ́fẹ́ a gbé èèpo lọ, ẹ̀wà a bọ́ sílẹ̀. Asẹ́ tó wà nínú àpótí yóò wá pẹ́ kó tó dí, torí iṣẹ́ tó kù fún un ti kéré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn Peugeot 504 àtijọ́. Ọdún 1968 ni iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 504. Àwọn kan nínú wọn ní asẹ́ tí kì í ṣe bébà. Abọ́ irin tí òróró wà nínú rẹ̀ ni, òróró ló ń mú eruku. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi irú asẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn bàbá wa. Bí ẹrẹ̀ bá ti ga nísàlẹ̀ abọ́, ẹ da òróró náà nù, ẹ fọ abọ́, ẹ rọ tuntun dé ibi ìlà. Ẹ má ṣe rọ ọ́ kọjá ìlà. Bí ẹ́ńjìnnì gásóìlì bá fa òróró náà mu, ó lè máa sáré fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò sì ní lè pa á.

OHUN TÍ ÌYÁ AKÁPÒ BÉÈRÈ

Ẹgbẹ́ pinnu láti ra ọ̀pá ìmí pẹ̀lú orí oníkòkò, kí wọ́n sì ra asẹ́ bébà tuntun. Wọ́n gbé e dé gáràjì. Ọ̀gá mẹkáníìkì ti mú ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò lọ́wọ́ nígbà tí ìyá akápò dìde. Ìyá náà kọ́ ìwé ní kíláàsì wa, òun ló ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Bí ẹ bá lu ihò yìí tán, tí ọ̀pá kò bá a mu, ta ni yóò dí ihò náà?"

Ọ̀gá ní, "Ìyá, mo ti ṣe irú rẹ̀ rí."

Ó ní, "Mo gbà. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ gbé ọ̀pá náà lé e, kí gbogbo wa rí i."

Wọ́n gbé e lé e. Apá òsì ni wọ́n ṣe ọ̀pá náà fún, apá ọ̀tún sì ni àpótí asẹ́ ọkọ̀ wa wà! Bí kì í bá ṣe ìyá yìí, ihò ńlá ìbá wà lára ọkọ̀ lásán. Wọ́n dá ọ̀pá padà fún ẹni tó tà á. Ó jà díẹ̀, ó sì pààrọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo apá tí àpótí asẹ́ wà. Ẹ mú orúkọ ọkọ̀, ọdún rẹ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé. Ẹ fi okùn wọn ẹnu ọ̀pá: kò gbọdọ̀ tóóró ju ẹnu àpótí asẹ́ lọ, torí ẹni tó ń fi ihò kékeré mí kò lè gbé ẹrù. Ẹ tẹ ike rẹ̀ wò. Èyí tó nípọn tó sì lè tẹ̀ díẹ̀ dára ju èyí tó gbẹ, tí ẹ̀ka igi yóò fọ́. Ẹ rí i pé bóòtù àti irin ìdìmú pé. Àwọn kan ń fi páìpù omi ṣe ọ̀pá ìmí. Ó lè tọ́jọ́ díẹ̀ níta, ṣùgbọ́n ooru ìdí ẹ́ńjìnnì ń mú kó rọ̀, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ a sì ṣí sílẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE FI Í SÍBẸ̀

Ọ̀gá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì yọ okùn bátìrì. Ó tú ẹnu àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àpótí asẹ́. Lójú ẹsẹ̀, ó fi aṣọ mímọ́ dí ihò tó ṣí sílẹ̀, kí irin kékeré má bàa jábọ́ sínú rẹ̀. Aṣọ méjì ni ó lò. Ìyá akápò kọ "aṣọ 2" sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ní kí wọ́n ka aṣọ méjì fún òun. Aṣọ tí a gbàgbé sínú ẹnu ọkọ̀ lè pa ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n lẹ bébà mọ́ apá ọkọ̀, wọ́n sàmì sí ibi tí ihò yóò wà. Wọ́n wo ẹ̀yìn irin náà, bóyá okùn iná kan wà níbẹ̀. Ihò kékeré ni ọ̀gá kọ́kọ́ lu, lẹ́yìn náà ni ó wá mú un tóbi. Ó wọ gíláàsì ojú. Èmi ni mo ní kó wọ̀ ọ́, torí irin gbígbóná tó fò wọ ojú lè fọ́ ojú ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lẹ́yìn tó lu ihò tán, ó fi ayùn irin ra etí wọn. Ó fi ọ̀dà kun ibi tí irin ti yọ ojú, ó sì dúró kó gbẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo èyí dá. Ní àkókò òjò wa, irin tí a kò kùn yóò dípẹtà kí ọdún tó yí po. Wọ́n wá gbá gbogbo irin wẹ́wẹ́ kúrò.

Wọ́n gbé ọ̀pá sí ipò rẹ̀ láìtíì so ó. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n tì í. Wọ́n ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, wọ́n dé e. Kò sí ohun tó ha. Nígbà náà ni wọ́n fún bóòtù, wọ́n sì de òkè ọ̀pá mọ́ òpó gíláàsì. Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni róbà tó so ọ̀pá mọ́ àpótí asẹ́. Róbà àtijọ́ ti là, ọ̀gá fẹ́ lo ó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀, wọ́n ra tuntun. Ó fi òrùka irin tó ní súkúrú dè é ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ó dí gbogbo ojú ìsopọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá lè gba ojú ìsopọ̀ kan wọlé, eruku ìsàlẹ̀ yóò gba ibẹ̀, asán sì ni ọ̀pá gígùn náà. Èyí tó burú jù ni kí ojú ìsopọ̀ tó wà láàárín asẹ́ àti ẹ́ńjìnnì ṣí. Eruku ibẹ̀ kò rí asẹ́ kankan kọjá.

BÁWO NI A ṢE MỌ̀ PÉ Ó DÁRA?

Wọ́n dá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n yọ orí oníkòkò, ọ̀gá sì fi pátákó pẹlẹbẹ bo ẹnu ọ̀pá. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ hágún, kó sì kú. Bí kò bá kú, ó ń rí afẹ́fẹ́ níbòmíràn, ẹ wá ibẹ̀ kàn. Ẹ má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, torí ó lè fa ọwọ́ mọ́ra, kó sì ṣe yín léṣe. Tiwa kò kú ní ìgbà kìíní. Wọ́n tún òrùka irin kan fún, ó sì kú ní ìgbà kejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà oko, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú róbà tó wà láàárín asẹ́ àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀. Bí aṣọ bá pupa, eruku ń kọjá. Ẹ má wakọ̀ náà lọ mọ́ títí ẹ ó fi rí ibi tó ń gbà.

Ní ti omi, ọ̀pá ìmí kò sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ ojú omi. Àpótí asẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ihò kékeré nísàlẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde. Bí ọkọ̀ bá wọ inú odò, omi lè gba ihò yẹn wọlé. A lè fún afẹ́fẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n omi kì í fún. Bí písítọ̀n bá bá omi pàdé, ọ̀pá irin tó gbé e dúró ni yóò tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. Ìṣàn omi tún lè gbé ọkọ̀ lọ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Amou tàbí odò Anié bá kún bo ọ̀nà, ẹ dúró kó fà.

ÌTỌ́JÚ ASẸ́

Nígbà ọyẹ́, ẹ wo asẹ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kò ní láti nu ún lójoojúmọ́, torí ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí àpótí ni eruku lè bọ́ sí apá tó mọ́. Ẹ má ṣe fi omi fọ asẹ́ bébà. Ẹ má ṣe nà án mọ́ táyà, torí etí rẹ̀ á wọ́. Ẹ má ṣe fi ẹsáǹsì fọ̀ ọ́. Yàtọ̀ sí pé ó ń ba bébà jẹ́, iná lè sọ.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà ni kí ẹ gbé e lọ. Kí ó fẹ́ ẹ láti inú síta, kì í ṣe láti ìta sínú. Kí agbára afẹ́fẹ́ má ju bar 2 lọ, kí ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ náà má sì sún mọ́ bébà jù. Kí ẹni tó ń ṣe é fi aṣọ bo imú àti ẹnu rẹ̀, kó dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ wá. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Eruku tó pọ́n irin lè pa ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lára.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú asẹ́ náà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá jáde díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ara rẹ̀, ó dára. Bí ẹ bá rí ojú ìmọ́lẹ̀ kan tó mọ́lẹ̀ kedere bí ìràwọ̀, ó ti lu. Ẹ sọ ọ́ nù. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá jáde rárá, ó ti dí kọjá fífẹ́, ẹ ra òmíràn. Ẹ má gbàgbé láti máa da eruku inú orí oníkòkò nù bí ó bá ti kún dé ìlà.

Ìyá akápò ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún imú ọkọ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́. Ó kọ ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tí wọ́n ṣe, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Awakọ̀ wa, ẹni tó ju asẹ́ sígbó níjọ́sí, ni orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èéfín dúdú àti èéfín búlúù?
2. Kí ló dé tí ọ̀gá fi aṣọ dí ihò, kí ló sì dé tí ìyá akápò fi kà wọ́n?
3. Ẹ lọ wo ọkọ̀ kan ní abúlé yín. Apá wo ni àpótí asẹ́ rẹ̀ wà? Ṣé róbà rẹ̀ ti là?
4. Asẹ́ kan jẹ́ 6,000 sẹ́fá. Bí ẹgbẹ́ ẹni 27 bá ra méjì lọ́dún, èló ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá?
5. Ẹ fi ìlà mẹ́rin sí ojú ewé kan nínú ìwé yín, kí ẹ kọ orí wọn báyìí: Ọjọ́, Kìlómítà, Ohun tí a ṣe, Ẹni tó ṣe é.